Ìrìn ẹsẹ̀ ọjọ́ 7 nínú òjò àti òtútù Scotland: kí ni kí n dì, kí ni kí n fi sílẹ̀ n'Íbàdàn?

Akínrìn Mọ́kọ́lá béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìrìn. Àwa mẹ́ta la fẹ́ rin ọ̀nà West Highland Way ní Scotland níbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá, láti Milngavie dé Fort William, kìlómítà 154, ọjọ́ 7. Inú àgọ́ la máa sùn ní òru 4, ilé àlejò la máa sùn ní òru 2 yòókù.

Ohun tí mo ti kó jọ nìyí: báàgì ẹ̀yìn onílítà 60, ṣòkòtò jíìnsì 2, ṣẹ́ẹ̀tì kọ́tìn 4, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kan tó nípọn dáadáa, bùláńkẹ́ẹ̀tì, réènkóòtù irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń wọ̀, agbòòrùn, búùtù rọ́bà, power bank 2, sítóòfù kékeré pẹ̀lú gáàsì inú agolo, àti kílíṣí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 19 lórí òṣùwọ̀n, oúnjẹ àti omi kò tíì sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi jẹ́ kílò 70.

Èwo ni kí n yọ? Èwo ni mo lè rí rà níbí ní pọ́ọ́kú, èwo ló yẹ kó dúró dìgbà tí a bá dé Glasgow? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́. Àti pé, ṣé òtútù ibẹ̀ le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Sángo fèsì:

Àbúrò, ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. Níbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá, ọ̀sán ibẹ̀ kì í sábà ju dígírì 13 lọ. Lóru ó lè wálẹ̀ sí 5, ní Rannoch Moor, tó jẹ́ pápá gbalasa tí kò sí igi tó máa gba atẹ́gùn dúró, ó lè súnmọ́ òdo. Ọyẹ́ Íbàdàn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ọyẹ́ tiẹ̀ tún gbẹ. Tibẹ̀ tutù, ó tún rin. Dígírì 5 pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ lára, kò sí wàhálà. Dígírì 8 pẹ̀lú òjò wínníwínní láti àárọ̀ dalẹ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí aṣọ tó ti rin gbingbin, òun ló ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀, torí omi ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ni aṣọ rẹ pín sí. Aṣọ ìrìn: ẹ̀wù àwọ̀sínú kan tó fún mọ́ra, tó jẹ́ polyester tàbí irun àgùntàn; fleece fẹ́lẹ́ kan (aṣọ òtútù rírọ̀ tí wọ́n fi polyester hun); ṣòkòtò fẹ́lẹ́ tó tètè ń gbẹ; ìbọ̀sẹ̀. Wọn yóò rin, má dá ara rẹ láàmú. Aṣọ àgọ́: ẹ̀wù àti ṣòkòtò àwọ̀sínú mìíràn, ìbọ̀sẹ̀ onírun tó nípọn, fìlà, àti jákẹ́ẹ̀tì kan tó ní òwú ìmúgbóná nínú. Omi ò gbọdọ̀ kan ìyẹn láéláé. Inú àgọ́ nìkan lo ti ń wọ̀ ọ́, o bọ́ ọ láàárọ̀, o dì í padà, o sì tún wọ aṣọ àná bó ṣe rin. Kò dùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti rìn fún ìṣẹ́jú 10, ara á ti mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá ní òun ò lè wọ aṣọ tútù, tó wọ èyí tó gbẹ jáde, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán méjèèjì á ti rin, kò sì ní sí èyí tó máa fi sùn.

Yọ jíìnsì méjèèjì. Yọ ṣẹ́ẹ̀tì kọ́tìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọ́tìn ń mu omi, kì í sì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Jíìnsì tó rin níbẹ̀ lè máà gbẹ títí ìrìn á fi parí. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, yọ ọ́. Agbòòrùn, yọ ọ́, atẹ́gùn á yí i sódì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì wúwo, kò sì bo ẹsẹ̀ dáadáa, àpò ìsùn lo nílò.

Ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ ni kí ẹrù rẹ mọ. Kílò 70 túmọ̀ sí kílò 14, oúnjẹ àti omi wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, gbé àpò píọ̀ wọ́tà kan sínú báàgì yẹn: 20 ọ̀rá, sẹ́ńtílítà 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, kílò 10 géérégé nìyẹn. Gbé e lọ sí Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga ní Òkè Àrẹ̀, lọ àti bọ̀, léraléra. Bí èjìká bá ń ro ẹ́, bẹ́líìtì ìbàdí lo ò so dáadáa. Orí egungun ìbàdí ni kó jókòó lé, so ó pinpin kó o tó fa ti èjìká. Ìbàdí ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà.

Télọ̀ Òkè-Àdó fèsì:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ délé. Èmi ọ̀rọ̀ aṣọ ni tèmi.

Ẹ má ra aṣọ òtútù tuntun rárá. Ẹ lọ wo bọ́síkọ̀rọ̀ ní Dùgbẹ̀ tàbí Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, ẹ débẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú béèlì. Swẹ́tà onírun àgùntàn àti fleece máa ń pọ́ọ́kú níbẹ̀. Ta ló fẹ́ wọ̀ wọ́n nínú oòrùn Íbàdàn? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́n ti gé lébẹ̀lì ọ̀pọ̀ wọn kúrò, ẹni tó ń tà á ò sì mọ ohun tí wọ́n fi hun ún.

Iná ló máa sọ òótọ́. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ níbi ojú ránrán inú, ẹ kúrò nítòsí ẹrù olójà, ẹ ṣá ìṣáná sí i. Kọ́tìn a jó geere bíi bébà, eérú rẹ̀ a rọ̀. Irun àgùntàn a rùn bí irun orí tó jó, iná rẹ̀ a sì kú fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti mú ìṣáná kúrò; èyí tó kù níbẹ̀ dúdú, ọwọ́ a rún un wómúwómú. Polyester kì í jó bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń súnkì, á yọ́, á wá di kóró líle tí ọwọ́ ò lè rún. Bó bá jó bíi kọ́tìn tó tún fi kóró sílẹ̀, àdàlù ni. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì òjò tòkúnbọ̀ ló gba sùúrù jù. Ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ fi èékánná ha èjìká àti ibi tí okùn báàgì máa ń gún. Bí awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ bá ń ṣí pẹ́pẹ́, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó sì ń rùn kíkan, ó ti jẹrà, kò sí télọ̀ tó lè tún un ṣe. Ẹ wo téèpù tí wọ́n lẹ̀ bo ojú ránrán láti inú: bó bá ti ń gbéra níbì kan, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ ra píọ̀ wọ́tà kan, ẹ ki èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà sínú kó ṣe kòtò, ẹ da omi díẹ̀ sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wá fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́ bá gbẹ, ẹ rà á.

Bí omi ò bá ṣe kóró lójú rẹ̀ mọ́, àmọ́ tí abẹ́ ṣì gbẹ, kò tíì bàjẹ́. Ẹ fi ọṣẹ olómi tó rọra fọ̀ ọ́. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun, torí ohun tó ń ṣẹ́kù nínú aṣọ lẹ́yìn rẹ̀ ló tún ń fa omi mọ́ra. Ẹ ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kó gbẹ, kí ẹ wá fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí iná rẹ̀ ò pọ̀ lọ̀ ọ́, bí lébẹ̀lì rẹ̀ bá gbà á láyè. Ooru yẹn ló ń ta ohun tó ń lé omi jí.

Réènkóòtù ọlọ́kadà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́kadà. Omi ò ní wọlé, òótọ́ ni, òógùn náà ò sì ní jáde. Ọlọ́kadà jókòó sójú kan. Ẹ̀yin ẹ ó máa gun Conic Hill, mítà 361, pẹ̀lú kílò 14 lẹ́yìn. Inú á fi rin yín ju òde lọ.

Ajíròbà fèsì:

Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún yín tán lórí ti ọlọ́kadà yẹn. Ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè mú ṣòkòtò rẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ kì í làágùn tó àyà, ṣòkòtò òjò gidi sì wọ́n. Kó gé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀ kó má baà máa tẹ̀ ẹ́. Ti òkè ni mo bá yín yọ.

Ẹ wá gbọ́ ti pápákọ̀ òfúrufú, kí wọ́n má baà tú yín lẹ́rù níbẹ̀. Agolo gáàsì kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú, ì báà jẹ́ nínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ tàbí èyí tó wà lọ́wọ́. Sítóòfù lè lọ bó bá mọ́ tóní, tí kò rùn gáàsì. Power bank, ọwọ́ ni ẹ máa gbé e sí, kì í wọnú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Òpin rẹ̀ láìtọrọ àyè ni 100 Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára iná inú bátìrì). Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára jẹ́ bíi 74 Wh, kò ní wàhálà. Ọ̀kan ti tó, ẹ yọ èkejì. Lóru, kí òun àti fóònù wọnú àpò ìsùn pẹ̀lú yín, òtútù ń dín agbára bátìrì kù.

Kílíṣí, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó gbéra. Wọn kì í gba ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà wọ UK, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì sọ ọ́ nù. Ó dunni.

Gáàsì, ẹ rà á ní Glasgow. Ẹ wo ara agolo rẹ̀ dáadáa: kó jẹ́ àdàlù tó ní propane nínú. Butane lásán kì í fẹ́ di afẹ́fẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti súnmọ́ òdo, iná rẹ̀ á máa kú lọ́wọ́ yín láàárọ̀ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Agolo giramu 230 kan tó ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, bó bá jẹ́ omi lítà kan àtààbọ̀ ló ń sè lójúmọ́. Ẹ fi ìdérí bo ìkòkò, ẹ dá ààbò atẹ́gùn sí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ká a mọ́ agolo gáàsì, ó lè bú. Ẹ má dáná nínú àgọ́ tí ẹ ti pa dé. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa ènìyàn lójú oorun.

Oúnjẹ: giramu 700 sí 800 lójúmọ́, gbígbẹ. Gàrí dára gan-an, ẹ̀pà tún sàn jù torí òróró inú rẹ̀, kúlíkúlí àti dòdò Ìkirè náà kò burú. Ẹ di ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀. Ẹ̀bà gbígbóná ni kó jẹ́ lálẹ́ o, ẹ má mu gàrí omi tútù nínú òtútù. Ara yín ló máa ná ooru tirẹ̀ láti fi mú un gbóná. Ẹ má ru ti ọjọ́ 7 lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìtajà wà ní Tyndrum, ó tún wà ní Kinlochleven. Láàárín méjèèjì, ní Bridge of Orchy àti Kingshouse, hótẹ́ẹ̀lì lẹ máa bá, owó wọn ò sì rọrùn. Omi odò wà káàkiri, àmọ́ àgùntàn ń jẹ lókè odò, ẹ sè é tàbí kí ẹ sẹ́ ẹ.

Ìyá Àgọ́ fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kan bí ẹ ṣe máa di ẹrù gan-an.

Ìbòrí òjò tí wọ́n ń fi bo báàgì ẹ̀yìn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Kò bo ẹ̀yìn tó kọjú sí ara yín. Òjò tó ń ṣàn lọ́rùn yín á gba ibẹ̀ wọnú báàgì, á sì gọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí àpò ìsùn wà. Inú ni ààbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá náílọ́ọ̀nù dúdú tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń kó ilẹ̀ sí, tó tóbi ju báàgì lọ. Ẹ lè rí i ní Ògùnpa. Ẹ ra 3, ọ̀kan fún lílò, ìkejì bí àkọ́kọ́ bá lu, kí ẹ̀kẹta sì wà fún àgọ́ tó rin.

Ẹ tẹ́ ẹ sínú báàgì kó yọ etí síta. Àpò ìsùn wọlé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi orúnkún tì í wọ gbogbo igun. Aṣọ àgọ́ tẹ̀ lé e, òun náà nínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀. Oúnjẹ sí àárín, kó súnmọ́ ẹ̀yìn yín, torí òun ló wúwo jù. Bí ẹrù wúwo bá jìnnà sẹ́yìn, ṣe ni á máa fà yín lọ sẹ́yìn. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn náílọ́ọ̀nù náà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ so ó. Ohun tó bá wà lókè ọrùn yẹn, ohun tó lè rin ni: àgọ́, sítóòfù, ìkòkò. Jákẹ́ẹ̀tì òjò, ìbọ̀wọ́, tọ́ọ̀ṣì orí àti ìpápánu sí àpò òkè, kí ẹ lè fà wọ́n yọ láìtú nǹkan kan. Òjò ibẹ̀ kì í kìlọ̀. Kí aago 8 alẹ́ tó lù, ilẹ̀ á ti ṣú.

Ẹ dán an wò níbí. Ẹ fi ìwé ìròyìn gbígbẹ sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ dì í bẹ́ẹ̀, ẹ gbé báàgì síta nínú òjò Oṣù Kẹsàn-án fún wákàtí kan. Bí ìwé bá rin ní igun kan, náílọ́ọ̀nù ti lu tàbí ẹ ò lọ́ ọrùn rẹ̀ dáadáa.

Àpò ìsùn: oríṣi nọ́ńbà 3 ni wọ́n sábà ń kọ sí i lára. Èyí tí wọ́n pè ní "comfort" ni kí ẹ wò, kó jẹ́ òdo tàbí kó dín sí òdo. "Extreme" kì í ṣe fún oorun, ibi tí ènìyàn lè dé láìkú ni. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ fúyẹ́, ó gbóná, àmọ́ bó bá ti rin, ó di ìṣùpọ̀, kò wúlò mọ́. Nínú òjò báyìí, tí ẹ ò tíì mọwọ́ ìdìpọ̀, ẹ ra èyí tó jẹ́ òwú polyester, ó wúwo jù díẹ̀, ó sì ń múni gbóná díẹ̀ bó tilẹ̀ rin. Ẹní náà ṣe pàtàkì tó àpò ìsùn, torí ibi tí ẹ sùn lé ti tẹ òwú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ilẹ̀ ló sì ń fa ooru yín lọ. Ẹ wá èyí tí R-value rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń dí òtútù ilẹ̀ tó) tó 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè ra méjèèjì ní Glasgow.

Àgọ́, ẹ ṣí atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀ lókè bí òtútù tiẹ̀ mú. Bí ẹ bá dí i pa, èémí yín nìkan á rin ògiri inú, á sì máa kán sí yín lójú. Àyè láti pàgọ́ ní etí adágún Loch Lomond tó wà lójú ọ̀nà yín: láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta sí ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń béèrè ìwé àṣẹ ní àwọn àdúgbò kan. Oṣù Kẹwàá ti bọ́ nínú rẹ̀.

Akínrìn Mọ́kọ́lá:

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tú u palẹ̀. Lórí ìwé báyìí, ẹrù wà ní kílò 9.5, mo wá fi oúnjẹ ọjọ́ 3 kún un, kílò 2.3, àti omi lítà kan. Kílò 12.8 nìyẹn. Ó ku bàtà. Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa búùtù rọ́bà. Mo sì rí búùtù tòkúnbọ̀ kan tó dára lójú, ó nípọn, kò tíì jẹ. Ṣé kí n rà á?

Ẹ̀gbọ́n Sángo:

Rọ́bà, rárá. Gìgísẹ̀ á máa yọ̀ nínú rẹ̀, òógùn á kún un, kìlómítà 22 lójúmọ́ á sì mú kí ẹsẹ̀ rẹ lé ròrò.

Ti tòkúnbọ̀ yẹn, òkè rẹ̀ kọ́ ni kó o wò. Wo fóòmù tó wà láàárín awọ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Tẹ èékánná àtàǹpàkò mọ́ ọn gidi. Bó bá ń rún, tàbí o rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀, sá fún un. Fóòmù polyurethane ń jẹrà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, àní bí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ ọ́, ooru ibí ló sì ń mú un yá. Búùtù tó wà nínú páálí fún ọdún púpọ̀ á máa dán lójú, lọ́jọ́ kejì ìrìn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á já sílẹ̀ odidi. Bí fóòmù bá le dáadáa tó sì ń ta padà, wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ìrìn nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kí àyè tó tó ìka kan wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ, kí bàtà má baà gún ọ bó o bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè. Rà á nísinsìnyí kó o máa wọ̀ ọ́ lọ sí ibi gbogbo. Bàtà tuntun ní Glasgow lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn ò dáa.

Ìyá Àgọ́:

Kí n fi òrí kún un. Ẹ fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka láàárọ̀ kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí awọ má baà wú funfun nínú omi kó sì bó. Ẹ fi sínú ike kékeré, kí ẹ gbé e sí àpò tó súnmọ́ ara, torí á le gbagidi nínú òtútù yẹn. Ìbọ̀sẹ̀ ìrìn 2, ti oorun 1. Níbi tó bá ń gbóná lẹ́sẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn kó tó lé.

Lálẹ́, ẹ yọ ìtẹ́sẹ̀ inú bàtà, ẹ tú okùn rẹ̀ gbayawu, ẹ ki ìwé ìròyìn sí i, ẹ pààrọ̀ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó sùn. Ẹ má gbé bàtà sún mọ́ sítóòfù, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́.

Akínrìn Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun mà. Ìbéèrè kan ló kù: báwo la ṣe máa mọ̀ pé òtútù ti mú ẹnì kan nínú wa kọjá bó ṣe yẹ?

Ajíròbà:

Ẹ máa wo ara yín, ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀. Á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà á máa kọsẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, kò ní lè fa síìpù ara rẹ̀, á máa bínú lórí nǹkan tí kò tó nǹkan. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ pàgọ́, ẹ bọ́ aṣọ tó rin kúrò lára rẹ̀, ẹ wọ aṣọ àgọ́ fún un pẹ̀lú fìlà, ẹ tì í sínú àpò ìsùn lórí ẹní. Bó bá lè gbé mì dáadáa, tíì gbígbóná oníṣúgà púpọ̀. Ẹ má fún un ní ọtí, ẹ má sì fọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀ lápá. Bó bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n tó sì ṣì tutù, ẹ má fi falẹ̀: 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, ẹ ní Mountain Rescue, àwọn tó ń gba ènìyàn là lórí òkè, lẹ fẹ́. Bí nẹ́tíwọ́kì ò bá sí, fèrè: ẹ fun ún ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí kálukú so fèrè tirẹ̀ mọ́ okùn èjìká báàgì níta, kó má sí nínú àpò.